Adré: àwọn tó ń gbé ìkòkò kaná kí tírélà tó dé

Bí ẹ bá ti gba Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdí-Ìrókò kọjá rí, ẹ gbàgbé àwòrán yẹn ná. Ẹnubodè Adré, níbi tí ilẹ̀ Sudan parí sí tí ti Chad sì bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà eléruku ni. Kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà ló ń lọ tó ń bọ̀ níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, tòun ti ẹní, àpò ọkà, ìyá arúgbó àti ọmọ ọwọ́ lórí rẹ̀. Láti ibẹ̀ sí Geneina, olú ìlú ìwọ̀-oòrùn Darfur, kò ju nǹkan bíi 30 kìlómítà lọ. Ká sọ pé Ilé-Ifẹ̀ sí Iléṣà. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè fẹsẹ̀ rìn ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́dún 2023, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló rìn ín, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì débẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí ò ju ìbéèrè kan lọ: nígbà tí ogun bá lé èèyàn dé ẹnubodè yìí lọ́wọ́ òfo, ta ló kọ́kọ́ ń fún un lómi mu? Bí a bá wo tẹlifíṣọ̀n, a ó rò pé àwọn ọkọ̀ funfun tí wọ́n kọ lẹ́tà búlúù sí lára ni. Àwọn yẹn ń dé lóòótọ́, iṣẹ́ wọn ò sì kéré. Àmọ́ àwọn kọ́ ló ń kọ́kọ́ dé, ìdí rẹ̀ sì wà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ogun náà kíákíá. Ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2023 ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Khartoum láàárín ọ̀gágun méjì tí wọ́n jọ gbàjọba lọ́dún 2021: Abdel Fattah al-Burhan, olórí àwọn ológun Sudan, àti Mohamed Hamdan Dagalo tí gbogbo ayé ń pè ní Hemedti, olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun RSF (Rapid Support Forces). Inú àwọn Janjaweed tí wọ́n ń gẹṣin jó abúlé kiri ní Darfur láti ọdún 2003 ni RSF ti jáde. Nítorí náà, nígbà tí iná ogun ràn dé Geneina kí oṣù kẹrin yẹn tó parí, ìjà ọ̀gágun méjì kọ́ ló dà níbẹ̀ mọ́. RSF àti àwọn jàǹdùkú Lárúbáwá tó ń bá wọn rìn kọjú sí àwọn Masalit, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, gómìnà ìpínlẹ̀ náà, Khamis Abakar, bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní wọ́n ń pa àwọn èèyàn òun run. Kò ju wákàtí mélòó kan lọ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi pa òun náà. Lóru ọjọ́ yẹn ni ìlú tú. Àwọn ògbógi tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yàn láti wádìí ọ̀rọ̀ náà ṣírò pé láàárín 10,000 sí 15,000 èèyàn ló kú ní Geneina lọ́dún yẹn.

Àwọn tó yè bọ́ forí lé Adré. Ilé ìwòsàn kékeré tí àwọn dókítà MSF, àjọ Àwọn Dókítà Aláìláàlà, ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gba èèyàn tó lé ní 850 tó fara gbọgbẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré, láti ọjọ́ 15 sí 17 oṣù kẹfà, ọta ìbọn ló sì ba ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ fi wé ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ tó wà nítòsí yín, kí ẹ wò ó bí èèyàn 300 tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kẹ̀kẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ gbé àwọn kan wá, ẹ̀yìn àbúrò gbé àwọn mìíràn, ọkọ̀ àwọn ológun Chad náà sì kó nínú wọn. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ẹní ni ọ̀pọ̀ sùn sí. Ẹni tó ń fọ ojú egbò fún wọn, tó ń wá omi, tó ń kọ orúkọ ọmọ tó dá dé sílẹ̀ kí ìyá rẹ̀ lè rí i bó bá yè, ará àdúgbò ni, tàbí ogunléndé bíi tiwọn tó ti débẹ̀ ṣáájú wọn lọ́jọ́ bíi mélòó kan.

Kí ogun yìí tó dé, àwọn tó ń gbé Adré ò ju nǹkan bí 40,000 lọ. Kò pẹ́ tí àwọn àlejò fi pọ̀ ju onílé lọ, nígbà tó sì yá, wọ́n lé ní 200,000. Obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn, nítorí ọkùnrin ni wọ́n ń ṣà pa lójú ọ̀nà.

Kí ló dé tí ará Adré fi ṣílẹ̀kùn? Àánú wà níbẹ̀, àmọ́ ẹbí tún wà níbẹ̀. Masalit ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ náà. Ilẹ̀ ọba kan ni gbogbo agbègbè yẹn tẹ́lẹ̀, Dar Masalit ni wọ́n ń pè é, sultan ló ń ṣàkóso rẹ̀. Nígbà tí Faransé fẹ́ gbà á, àwọn Masalit pa ikọ̀ ọmọ ogun wọn kan run ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1910. Nínú ìjà mìíràn ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, sultan Taj al-Din kú, ọ̀gágun Faransé tó ń jẹ́ Moll náà sì kú síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ̀ǹda apá kan ilẹ̀ wọn fún Faransé, tí Adré sì wà nínú rẹ̀. Èyí tó kù wá di ti Sudan lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá mọ̀ bí Kétu ṣe bọ́ sọ́wọ́ Faransé lọ́dún 1889, tí àwọn ẹbí wọn sì wà ní ìhà ti Gẹ̀ẹ́sì, kò nílò àlàyé púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní ìyá ní Geneina, tí àbúrò ìyá wà ní Adré. Nígbà tí ìbọn ń dún, ilé ẹbí ni wọ́n sá lọ.

Èdè wa ṣe ohun kan tó wù mí níbí. Ogunléndé: ogun ló lé mi dé. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ pé ẹni náà ń tọrọ, kò sì sọ pé ó wá iṣẹ́ wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nìkan ló sọ.

Àwọn ará Sudan náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn tó yẹ ká mọ̀, torí òun ló gbé gbogbo iṣẹ́ yìí ró. Nafir ni wọ́n ń pè é. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kórè tàbí kọ́lé, yóò ké sí àdúgbò, wọ́n á sì wá ṣe é pọ̀ láìgba owó. Ọ̀wẹ̀ ni, bí a bá fi tiwa wé e. Èkejì ni takiya, ilé ìdáná ọ̀fẹ́ tó ti wà ní ilé àwọn aafa Sufi láti ayébáyé, níbi tí arìnrìn-àjò àti aláìní ti ń jẹun. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí sàárà tí wọ́n ń pín ní mọ́sáláṣí nígbà ààwẹ̀, ẹ ti mọ bó ṣe rí. Nígbà tí ogun dé, tí ìjọba wó, tí báńkì tì, àwọn ọ̀dọ́ gbé nafir àti takiya pọ̀, wọ́n sì dá ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Emergency Response Rooms sílẹ̀, ìyẹn ìgbìmọ̀ àdúgbò fún ìgbà pàjáwìrì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà nínú ìgbìmọ̀ àdúgbò tó ṣe ìwọ́de lé Omar al-Bashir kúrò lórí àga lọ́dún 2019. Wọ́n ti mọ ẹni tó ń gbé ilé kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò wọn. Wọ́n mọ opó, wọ́n mọ ẹni tí àìsàn ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe, wọ́n mọ ẹni tó ní kànga. Kò sí iléeṣẹ́ ìrànwọ́ kankan láti Geneva tó lè fi ọdún márùn-ún kọ́ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ yìí ti mọ̀ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2025, wọ́n fún wọn ní Right Livelihood, ẹ̀bùn àgbáyé kan.

Àwọn tó sá wá sí Adré kó àṣà yìí bọ̀. Olùkọ́ tó ti ń kọ́ni ní Geneina kó àwọn ọmọ jọ sábẹ́ igi, ó ń kọ́ wọn láìgba kọ́bọ̀. Agbẹ̀bí gba ọmọ nínú àgọ́. Àwọn agbẹjọ́rò ń jókòó ti àwọn obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ilé ẹjọ́ yóò béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìkòkò ńlá sì wà lórí ààrò. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í sábà yàtọ̀: ẹ̀wà, ẹ̀wà lẹ́ńtìlì, tàbí asida, òkèlè ọkà bàbà tí ẹni tó bá ti jẹ túwó rí yóò dá mọ̀. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn, ọkàn wa máa ń lọ sí ẹni tó ti òkèèrè wá. Ní Adré, ẹni tó ń pín ọbẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ń sùn sábẹ́ tapólìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dìjú ni ti tírélà.

Kí oúnjẹ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó dé Adré, yóò gúnlẹ̀ ní èbúté Douala ní Kamẹrúùnù, yóò gba N'Djamena, yóò gba Abéché, ìrìn tó lé ní 2,000 kìlómítà, apá tó kẹ́yìn rẹ̀ lórí iyanrìn. Bó bá dé Adré, ó ti dé fún àwọn tó wà ní Chad. Àmọ́ ìyà tó pọ̀ jù wà ní òdìkejì, nínú Darfur, ẹnubodè yìí sì ni ọ̀nà tó yá jù lọ síbẹ̀. Geneina wà lọ́wọ́ RSF. Ìjọba tí ayé mọ̀ wà lọ́wọ́ Burhan, Port Sudan ló sì fi ṣe ibùjókòó nígbà yẹn, lẹ́bàá Òkun Pupa, ní ìpẹ̀kun kejì orílẹ̀-èdè náà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba tí ayé mọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí kò ní ọmọ ogun kan ṣoṣo lẹ́nubodè náà ni ìwé rẹ̀ ń tì í, tó sì ń ṣí i.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìjọba Burhan tì í. Wọ́n ní ohun ìjà ló ń gba ibẹ̀ wọlé fún RSF. Ẹ̀sùn yẹn kì í ṣe àròsọ pátápátá, torí ìròyìn ohun ìjà tó ń gba Chad kọjá ti pọ̀ jù láti fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe rí: kẹ̀kẹ́ ẹṣin ò yéé kọjá, oníṣòwò ò yéé kó ọjà, ọkọ̀ tó gbé ọkà fún ọmọ tí ebi ń pa nìkan ló dúró. Wọ́n ní kí wọ́n gba Tiné, ẹnubodè mìíràn tó wà lápá àríwá. Nígbà tí òjò dé, àwọn odò gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní wadi kún, ọ̀nà sì dí. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, àwọn ògbógi kéde pé ìyàn ti mú ní àgọ́ Zamzam lẹ́bàá El Fasher, olú ìlú àríwá Darfur. Ìyàn gan-an ni mo wí o, èyí tí wọ́n ní òṣùwọ̀n fún, tí wọn kì í sì í fi ẹnu lásán pè. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Port Sudan kéde pé àwọn yóò ṣí Adré fún oṣù mẹ́ta. Tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n sì wọ inú ẹrẹ̀ àkókò òjò. Láti ìgbà náà, oṣù díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bù kún àṣẹ náà. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti ń pé, gbogbo ẹni tó ní ẹrù ní Adré á bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí rédíò.

Ìgbìmọ̀ àdúgbò ò ní irú wàhálà ìwé yìí, torí wọn ò fi tírélà kó nǹkan kan. Owó ni wọ́n ń gbé, owó ọ̀hún ò sì gba ẹnubodè. Ará Sudan tó wà ní Riyadh tàbí London á fi owó ránṣẹ́ sórí Bankak, áàpù Báńkì Khartoum tó wà lórí fóònù. Ẹni tó gbà á ní Darfur á gbé fóònù rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ Starlink, tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ojú ọ̀run, sí, torí òpó fóònù ti kú, yóò sanwó wákàtí kan, yóò sì fi owó náà ṣọwọ́ sí oníṣòwò tó ní àpò ọkà tàbí owó bébà. Oníṣòwò náà á yọ èrè tirẹ̀, ìgbà mìíràn wà tí ohun tó yọ dunni. Àwọn tó ti ń ṣe POS lọ́jọ́ tí owó bébà wọ́n nílùú wa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 mọ ohun tí mo ń sọ. Bó ti wù kó rí, láàárín wákàtí díẹ̀, owó ti di ọkà, ọkà ti di asida.

Àìlera ètò yìí náà wà níbẹ̀. Owó ará ilé nìkan ò tó bọ́ gbogbo ìlú, nítorí náà owó ìjọba òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú rẹ̀, ti Amẹ́ríkà sì pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba Donald Trump dá owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró ní oṣù kìíní ọdún 2025, ó lé ní 1,100 ilé ìdáná tó ti ilẹ̀kùn jákèjádò Sudan, èyí tó jẹ́ bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún wọn. Wọn ò kìlọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn kan ti ra ẹ̀wà àwìn lọ́jà, pẹ̀lú ìrètí pé owó ń bọ̀. Gbèsè yẹn já lé ọmọ ogún ọdún kan lórí tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé oníṣòwò, Washington ò sì mọ̀ ọ́n.

Ewu tún wà. Ológun Sudan máa ń fura pé ẹni tó ń dáná ní agbègbè RSF jẹ́ ti RSF. RSF náà máa ń fura pé ẹni tó ní àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ará àdúgbò jẹ́ amí ológun. Ìhà méjèèjì ti mú wọn sí àtìmọ́lé, wọ́n ti lù wọ́n, wọ́n sì ti pa nínú wọn. Èyí ló fà á tí ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ àwọn tàbí ya àwòrán ojú wọn, kódà lẹ́yìn tí wọ́n ti rékọjá sí Chad.

Àwọn ará Adré náà ńkọ́, àwọn onílé? Kò yẹ ká sọ wọ́n di áńgẹ́lì. Chad wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó tòṣì jù lágbàáyé, ìlà-oòrùn rẹ̀ sì wà lára ibi tí nǹkan ti le jù níbẹ̀. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti ń gba ogunléndé Darfur, nǹkan bí 400,000 ló ti wà níbẹ̀ kí ti 2023 tó dé, èyí tó tún dé lẹ́yìn náà lé ní 800,000. Igi ìdáná ti jìnnà sílùú. Owó ọkà lọ sókè. Obìnrin ogunléndé tó ń ṣa igi kiri lè pàdé onílẹ̀ tó bínú, ó sì lè pàdé ohun tó burú ju ìbínú lọ. Òṣùwọ̀n tí àwọn àjọ ìrànwọ́ ń lò ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí ó kéré tán lítà omi 15 lójúmọ́ fún mímu, sísè àti wíwẹ̀. Ọ̀pọ̀ àkókò ni àwọn tó wà ní Adré ò rí iye yẹn. Ìjọba Chad àti UNHCR, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ogunléndé, fẹ́ kó wọn lọ sí àwọn àgọ́ tó jìnnà sí ẹnubodè, bíi Farchana tó ti wà láti 2004 àti àwọn tuntun bí Aboutengué. Wọ́n kó ọ̀pọ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ kọ̀. Ìdí tí wọ́n ń sọ ò ṣòroó mọ̀: ọjà wà ní Adré, iṣẹ́ oko àti bíríkì díẹ̀ wà níbẹ̀, bí ọkọ tàbí ọmọ tó sọnù lójú ọ̀nà bá sì yè, ẹnubodè yẹn ni yóò gbà wọlé. Ẹni tó ń dúró de ọmọ kì í fẹ́ ṣí kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Kò tíì tán. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2025, lẹ́yìn ìsàgatì tó lé ní 500 ọjọ́, RSF gba El Fasher. Kí ìlú náà tó ṣubú, àwọn ilé ìdáná ibẹ̀ ti ń se ambaz, ìyẹn ìyókù ẹ̀pà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ tán, oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. A máa ń dín kùlíkùlí tiwa kó ta sánsán, ṣùgbọ́n tiwọn ti bu nígbà mìíràn, ó ń pa ọmọ lára, nígbà tó sì yá, òun náà wọ́n. Àwọn tó rí ọ̀nà jáde fẹsẹ̀ rìn dé Tawila, nǹkan bí 60 kìlómítà, àwọn mìíràn sì forí lé Tiné àti ilẹ̀ Chad. Nínú wọn ni àwọn tó ń dáná yẹn wà. Ẹni tó ń pín oúnjẹ fún ogunléndé lánàá ti wà lórí ìlà báyìí, abọ́ lọ́wọ́.

Àwọn kan á ní kí ló kàn wá ní Nàìjíríà. Ó kàn wá díẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ló ń kàwé ní Khartoum. Bọ́ọ̀sì tó kó wọn dé ẹnubodè Íjíbítì dúró síbẹ̀ nínú aṣálẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n wọlé, ọjọ́ 3 oṣù karùn-ún ni ikọ̀ àkọ́kọ́, èèyàn 376, balẹ̀ sí Àbújá. Ó sì pẹ́ kí èyí tó ṣẹlẹ̀ tí Sudan ti gba ogunléndé lọ́wọ́ wa. Lọ́dún 1903, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì pa Sultan Attahiru ti Sókótó ní Burmi, ọmọ rẹ̀ Mai Wurno kó èèyàn lẹ́yìn, wọ́n rìn lọ sápá ìlà-oòrùn títí dé etí odò Nile Búlúù, wọ́n sì fún wọn ní ilẹ̀ níbẹ̀. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ń jẹ́ Maiurno títí dòní, wọ́n sì ń sọ Hausa níbẹ̀.

Ní ti Adré, ètò ọ̀sán kì í yí padà. Wọ́n á dáná láàárọ̀, àwọn ọmọ á ti to abọ́ àti ike sílẹ̀ kí oòrùn tó gun orí, ohun tó bá wà nínú ìkòkò ni wọ́n á pín títí yóò fi kan ìsàlẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn ìlà á gbọ́ pé kí wọ́n padà wá lọ́la. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ń ṣe ètò náà á wá ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà, á sì yẹ Bankak wò bóyá owó ọ̀la ti wọlé.